NDSM ní Amsterdam: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ yẹ físà yín wò ná

Àǹtí tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lòun máa lò ní Amsterdam, tí wọ́n ní kó má wulẹ̀ dé NDSM, ibi ìkànkọ̀ òkun àtijọ́ ní etí omi, torí irin tó dípẹtà àti ògiri tí wọ́n kun lọ́dà lásán ló wà níbẹ̀: ẹ lọ o. Kubwa ní Abuja lèmi náà ń gbé, iṣẹ́ ló máa ń gbé mi dé ọ̀hún.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n fi ń gba pápákọ̀ òfuurufú wọn kọjá kì í jẹ́ kéèyàn jáde síta. Mo ti bá ọmọ ilẹ̀ wa pàdé tó jókòó sí Schiphol, pápákọ̀ òfuurufú Amsterdam, látàárọ̀ dalẹ́, tó kàn ń wo ìlú láti ojú fèrèsé.

Tí ẹ bá dé ibùdókọ̀ ojú irin Centraal, ẹ gba ẹ̀yìn jáde sétí omi IJ. Ọ̀fẹ́ ni ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá, ẹnikẹ́ni ò ní béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ èrò máa ń rọ́ wọ èyí tó ń lọ Buiksloterweg, kò sì dé ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ dúró de èyí tí wọ́n kọ NDSM sí, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kí jákẹ́ẹ̀tì yín nípọn. Ọyẹ́ Abuja ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ atẹ́gùn orí omi yẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun ńláńlá ni NDSM, kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé ní 1984. Àwọn ayàwòrán àtàwọn tí kò rílé gbé ló kó sínú gbọ̀ngàn òfìfo, láìgbàṣẹ, kí ìjọba ìlú tó wá fún wọn láyè. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ṣọ́ọ̀bù lórí ṣọ́ọ̀bù nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo. Ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ìró ayùn. Èmi máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Kakuri ní Kaduna ni mo dàgbà sí, mo mọ bí ilé-iṣẹ́ aṣọ ṣe ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn bàbá wa kàn ń jókòó síwájú ilé. Kò sẹ́ni tó ronú pé ènìyàn lè wọ inú ilé bẹ́ẹ̀ lọ fi ṣe nǹkan mìíràn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé STRAAT, níbi tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ tẹ́lẹ̀, tó owó tí wọ́n ń gbà. Iṣẹ́ ọnà tó lé ní 150 ló wà níbẹ̀, òmíràn ga bí ilé. Àwòrán Anne Frank, ọmọbìnrin Júù tó kọ ìwé ìrántí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí Eduardo Kobra, ayàwòrán ọmọ Brazil, yà ní 2016 wà lára ògiri ìta, ìyẹn ò gba kọ́bọ̀. Kíréènì tí wọ́n sọ di òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá mẹ́ta, ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ó ti tó.

Káàdì ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ibẹ̀ ń gbà. Káàdì náírà ti dójú tì mí rí níwájú oúnjẹ tí wọ́n ti gbé kalẹ̀, nítorí náà ẹ wá káàdì dọ́là tàbí ti yúrò kí ẹ tó kúrò nílé.

Tó bá ṣe kòńgẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ná IJ-Hallen, ọjà òkìrìkà ńlá tó máa ń wáyé lóṣooṣù, ẹ mú owó lọ́wọ́. Owó ìwọlé wà. Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ dúnàá dúrà, nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Wọn ò fẹ́ gbé ẹrù padà sílé.