Omi Dúró sí Kòtò Wa, Ti Aládùúgbò Ń Gbẹ: Kí Ló Fà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà méjì, kí omi ilé ìwẹ̀ lè máa dà sí i. Yanrìn la kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà la kan amọ̀. Láti ìjẹta tí a ti da omi sí i, agbára káká ló fi fà. Ti aládùúgbò wa nítòsí kì í pẹ́ gbẹ. Ẹnìkan ní kí n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé yóò ṣiṣẹ́?

Ìdáhùn: Rárá, kò ní ṣiṣẹ́. Òkúta wẹ́wẹ́ lè gbá ẹ̀gbẹ́ kòtò mú kó má baà ya, ṣùgbọ́n kò lè sọ amọ̀ di ohun tó ń mu omi. Àyè omi ni yóò tún gbà. Ẹ fi owó yẹn pamọ́ ná.

Amọ̀ kì í ṣe ohun tí kò láyè nínú. Àyè inú rẹ̀ lè tó ìdajì, nígbà tí ti yanrìn sábà máa ń wà láàárín ìdá 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ ojú àyè amọ̀ kéré jọjọ, ara rẹ̀ sì máa ń di omi mú. Bí ojú ibi tí omi ń gbà bá sì fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìrọ̀rùn tí omi fi ń kọjá á tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè rin mítà mélòó kan lóòjọ́ nínú yanrìn mímọ́, tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà mélòó kan ló máa rìn lọ́dún nínú amọ̀ tó ki, bí ipá kan náà bá tilẹ̀ ń tì í.

Henry Darcy, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, da omi gba inú ọ̀pá ńlá tó kún fún yanrìn ní ìlú Dijon, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1856: bí omi bá ṣe ga sí lókè ló ṣe ń yára sí, bí yanrìn tó ní láti là kọjá bá sì ṣe gùn sí ló ṣe ń lọ́ra. Nínú amọ̀, gíga omi kòtò yín kò lè ṣe ju díẹ̀ lọ.

Aládùúgbò yín lè ti kan yanrìn tàbí àpáta tó sán. Àpáta gránáìtì tí kò sán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n bí pàlàpálá bá wà lára rẹ̀, tí wọ́n sì so kọ́ra, omi á máa gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkúta ẹfun tún wá ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi òjò, tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, máa ń jẹ ẹ́ títí ojú sísán kékeré á fi di ihò tí odò lè gbà lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló kàn, ẹ má jowú rẹ̀. Omi ìdọ̀tí tó ń sáré gba pàlàpálá kì í rí ohun tó máa sẹ́ ẹ, inú kànga ẹlòmíì ló sì lè já sí. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí kòtò tó ń gbẹ kíá ni gbogbo èèyàn ń yìn.

Ẹ gbọ́n omi kòtò yín, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tí ṣọ́bìrì ti gbá amọ̀ máa ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Dídán yẹn ti dí ojú ihò kéékèèké. Ẹ fi irin ha á, kí ẹ kó èyí tó bá jábọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀, tó sì jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ mu àmuyó. Ẹ tún omi bù sí i, ẹ ti rúlà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa wo aago. Bí omi bá lò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ kó tó fi sẹ̀ǹtímítà kan lọ sílẹ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ibẹ̀. Bí kò bá tó ìṣẹ́jú méjì, ó ti yá jù fún omi ìdọ̀tí.

Bó bá jẹ́ tèmi, tí yanrìn òkè yẹn sì nípọn tó, poro gígùn tí kò jìn ni màá là sínú rẹ̀, kí omi lè tàn káàkiri. Ibẹ̀ gan-an ni òkúta wẹ́wẹ́ ti wúlò, yíká páìpù oníhò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ dán yanrìn náà wò lásìkò òjò, nítorí pé ilẹ̀ tí omi ti kún inú rẹ̀ kì í gba òmíràn mọ́, kí ẹ sì bi àwọn aláṣẹ àdúgbò yín bí ó ṣe yẹ kó jìnnà sí kànga tó.