Action wo ni kí n rà sílẹ̀ de ráífù tí mo fẹ́ tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Houston, ní Texas, ni mò ń gbé, green card sì wà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí alágbẹ̀dẹ ìbọn bá mi to ráífù kan tí n ó máa fi dọdẹ àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Owó ọwọ́ mi lọ́dún yìí kò kọjá ti action, ìyẹn irin àárín ìbọn tó ń ti ọta wọ inú ọ̀pá. Ó di ẹ̀ẹ̀mí kí n tó ra ọ̀pá àti igi ìdí rẹ̀. Mo rí Remington 700 àlòkù kan àti Mauser 98 àtijọ́ kan tí owó wọn ò pọ̀. N kò tíì mọ̀ bóyá ọta 6.5 Creedmoor ni mo fẹ́ tàbí .300 Winchester Magnum. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àrìnpa o! Ẹ má tíì sanwó èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ fi ṣe ìkẹyìn nínú ìbéèrè yín ló yẹ kó ṣíwájú: ọta. Bí ọ̀pá bá jẹ tán, a ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn sí i. Igi ìdí ìbọn náà ṣeé pààrọ̀. Action ni kì í kúrò níbẹ̀, bí kò bá sì gba ọta tí ẹ fẹ́, owó ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ọta. Bóòtì ni irin tí a ń fà sẹ́yìn, tí a ń tì síwájú nínú action. Ojú rẹ̀, níbi tí ìdí ọta ń jókòó sí, gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ìdí ọta náà. 6.5 Creedmoor, .308, .243, .270 àti .30-06, íǹṣì 0.473 ni ìdí gbogbo wọn. Ti .300 Winchester Magnum jẹ́ 0.532. Lẹ́yìn ìyẹn ni gígùn. Odidi ọta 6.5 Creedmoor kì í ju íǹṣì 2.825 lọ, ṣùgbọ́n .300 náà ń gùn dé 3.34. Ìdí rẹ̀ nìyí tí action kúkúrú fi wà, tí gígùn náà sì wà. Èyí tó gùn lè gba ọta kúkúrú, àfi pé ẹ ó máa fa bóòtì jìnnà ju bó ti yẹ lọ. Kúkúrú ò lè gba ọta gígùn láéláé. 6.5 PRC wà láàárín méjèèjì: ìdí rẹ̀ jẹ́ 0.532, ó gùn tó 2.955, àpótí ọta inú action kúkúrú a sì máa há mọ́ ọn.

Fún ẹran tí ẹ dárúkọ, 6.5 Creedmoor tó, .308 náà tó. Èjìká yín ni .300 yóò máa gbá, ọ̀pá rẹ̀ ò sì ní pẹ́ tó ti àwọn yẹn. Bí ọkàn yín ò bá kúrò lára .300 ṣá, ẹ ra action gígùn tí orí bóòtì rẹ̀ ṣeé yọ. Savage 110, tó ti wà láti 1958, ní irú orí bẹ́ẹ̀. Bighorn Origin ti Zermatt Arms náà ní i. Ti Remington 700 ò ṣeé yọ, odidi bóòtì ni ẹ ó tún rà.

Ohun tí Remington 700 fi ta àwọn yòókù yọ kò ju bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe rí lọ. Láti 1962 tó ti jáde, òun ni àwọn tó ń ṣe igi ìdí, tírígà àti ìjókòó awò (ìwò tí a fi ń fojú sun ẹran) ń wò ṣe tiwọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ action tuntun fi ń gba ìrísí rẹ̀. Ẹ máa gba ọ̀nà yẹn lọ. Ṣùgbọ́n Remington àlòkù fúnra rẹ̀ ní ìnáwó tirẹ̀: wíwọ̀n inú rẹ̀ kì í dọ́gba láti ìbọn kan sí èkejì, nítorí náà alágbẹ̀dẹ gbọ́dọ̀ gé ọ̀pá mọ́ tiyín gan-an. Inú Origin àti irú rẹ̀ dọ́gba débi pé ilé iṣẹ́ ọ̀pá lè gé ọ̀pá yín láìrí action yín.

Bí àlòkù náà bá ṣì wù yín, ẹ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ fa bóòtì jáde. Ẹ fi máákà dúdú kun ẹ̀yìn eyín méjèèjì tó wà níwájú bóòtì, tó ń dì í mú nígbà tí ìbọn bá dún, ẹ dá a padà, ẹ ṣí i, ẹ pa á dé bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ tún fà á jáde. Bí dúdú bá pa rẹ́ lára eyín kan, tí ti èkejì ṣì wà bó ṣe wà, eyín kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo agbára yẹn. Lẹ́ètì, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, ló lè tún un ṣe, iye tí ẹ ó san sì lè lé iye action tuntun bá. Ẹ béèrè tírígà rẹ̀ pẹ̀lú: ní oṣù kẹrin 2014, Remington ní kí àwọn oníbàárà dá ìbọn tó ní tírígà X-Mark Pro padà, torí pé ó lè yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èyí tí wọ́n ṣe láti oṣù karùn-ún 2006 sí oṣù kẹrin 2014 ni wọ́n ń sọ. Ẹ má fi èyí ṣeré rárá.

Mauser? Ìkọ́ gbọ̀ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ bóòtì rẹ̀ dára púpọ̀. Láti inú àpótí ló ti ń di ìdí ọta mú, kì í jẹ́ kó bọ́. (Ẹ má kàn fi ọwọ́ ju ọta kan sínú ihò níwájú ìkọ́ yẹn o, ó lè ṣẹ́ ẹ.) Àmọ́ irin àwọn àtijọ́ le lóde, ó rọ̀ nínú. Ẹ tan iná sí ògiri tí eyín bóòtì ń tì sí: bí ẹ bá rí ibi tó ti jìn wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Bí ò tilẹ̀ jìn, wọn ó lu ihò awò sí i, wọn ó pààrọ̀ ọwọ́ bóòtì kó má baà máa gbá awò, wọn ó sì tún pààrọ̀ ìdènà ẹ̀yìn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìbọn ṣèèṣì yìn. Ẹni tó ń lọ bá ẹfọ̀n ni mo lè ní kó ná owó yẹn.

Ní ti òfin, action tó ní nọ́ńbà lára ti di ìbọn lójú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pá ì báà má tíì sí. Bí ẹ bá rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ̀ òǹtajà tó ní FFL, ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ láti ta ìbọn, ni yóò dé sí, ẹ ó sì kọ Form 4473, fọ́ọ̀mù ìjọba fún ẹni tó ń ra ìbọn, níbẹ̀. Green card yín kò dí yín lọ́wọ́. Òǹtajà kò gbọ́dọ̀ ta action nìkan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 18 ni ti odidi ráífù.

Ní tèmi, action kúkúrú tuntun ni kí ẹ rà, ojú bóòtì 0.473, ìsàlẹ̀ bíi ti Remington 700. Tó bá dé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti irú ojú ìlọ́ (thread) tó wà lẹ́nu rẹ̀, níbi tí a ti ń lọ́ ọ̀pá mọ́ ọn, sílẹ̀, torí òun ni ilé iṣẹ́ ọ̀pá máa kọ́kọ́ bi yín. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára, ẹ tì í mọ́ inú àpótí irin, kí ẹ sì tètè bẹ ọ̀pá níṣẹ́. Wọ́n lè ní kí ẹ dúró fún oṣù mélòó kan.