Síídì tí mo kọ orin sí kò ṣiṣẹ́ nínú rédíò ọkọ̀: níbo ni àlébù wà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi kọ̀ǹpútà bọ́ọ̀nù orin sórí síídì méjì. Àkọ́kọ́ ń kọ geere nínú kọ̀ǹpútà, àmọ́ bí mo bá ki í bọ rédíò ọkọ̀, á yí títí, á wá kọ “No Disc”. Èkejì ń kọrin níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá ti dé orin kẹẹ̀ẹ́dógún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò, á máa fò. Ṣé rédíò ló ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì dá rédíò lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ fi síídì tí ẹ rà pẹ̀lú orin lórí sí i. Tí ìyẹn bá ń kọ, ọwọ́ àwọn síídì tí ẹ bọ́ọ̀nù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe méjèèjì.

Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí i wò. Bó bá jẹ́ Windows ni ẹ ń lò, tí ẹ sì rí Track01.cda, Track02.cda, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 1 KB lọ, síídì orin gidi nìyẹn. Tó bá jẹ́ orúkọ orin tó parí sí mp3 ni ẹ rí, síídì dátà ni ẹ kọ. Kọ̀ǹpútà gbọ́ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́ kò gbọ́ ju ìlànà síídì orin tí Philips àti Sony fẹnu kò lé lórí ní 1980 lọ. Ẹ tún un kọ, kí ẹ yan “Audio CD”. Ìṣẹ́jú 80 péré ni síídì 700 MB ń gbà lọ́nà yìí, nítorí náà bí ẹ bá rí ọgọ́rùn-ún orin wọnú rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé dátà ni. Èyí nìkan ló ń fa ìdajì ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi.

Bí ó bá sì jẹ́ cda ni ẹ rí ńkọ́? Ẹ wo ojú síídì bóyá CD-RW, èyí tí a lè pa rẹ́ kí a tún un kọ, ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí CD-RW ń dá padà kéré gan-an sí ti CD-R, èyí tí a kò lè pa rẹ́, ọ̀pọ̀ rédíò kò sì lè rí i kà. Bí CD-R bá ni, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì pa á dé. Ìgbà tí a bá pa síídì dé ni kọ̀ǹpútà ń kọ àtòjọ orin sí ẹ̀bá ihò àárín, ibẹ̀ sì ni rédíò ń kọ́kọ́ wò. Ẹ wá “Finalize” tàbí “Close disc” nínú ètò tí ẹ fi bọ́ọ̀nù. Ó lè má gba pé kí ẹ tún orin kọ.

Síídì kejì ló dùn mọ́ mi jù. Láti àárín ni síídì ti ń kọrin lọ sí etí, ó yàtọ̀ sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ayé àtijọ́. Orin tó gbẹ̀yìn ló wà létí, níbi tí ìka ń dì mú, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń kọ̀wé yára jù, níbi tí ìwé ìlẹ̀mọ́ tí kò tẹ́ dáadáa ti ń mú kó máa mì. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti ihò tààrà sí etí. Ẹ má yí i po: ojú ọgbẹ́ tó bá yí po ń tẹ̀lé ipa orin, rédíò kò sì ní lè dí àlàfo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí iwájú iná. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ tótòtó láti ojú òkè, ó ti kú nìyẹn. Ike ìsàlẹ̀ nípọn tó milimítà kan lé, ṣùgbọ́n awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló bo irin òkè.

Bó bá mọ́ tónítóní síbẹ̀ tó ń fò, ẹ fi eré 16x (ìlọ́po mẹ́rìndínlógún eré tí síídì fi ń kọrin) kọ òmíràn, kì í ṣe 52x. Ẹ má sì wá 1x kiri, àwọn síídì òfìfo òde òní kò bá a mu. Kí ẹ sì tó kọ ọ́, ẹ gbọ́ fáìlì náà délẹ̀. Ó lè jẹ́ inú ẹ̀ ló ti ń fò.

Bí ti tuntun náà bá tún fò nínú rédíò, tí ó sì ń kọ dáadáa níbòmíràn, iná lẹ́ńsì rédíò ti ń rẹ̀. Síídì tí a bọ́ọ̀nù kì í dán tó èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀, òun ni lẹ́ńsì tó ti rẹ̀ kọ́kọ́ ń kọ̀. Nígbà yẹn ni kí ẹ wá gbé rédíò lọ fún ẹni tí yóò tú u wò.