Tí ẹ bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa dúró tì yín

Arákùnrin wa tó wà ní Kubwa, ní Àbújá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní páálí sìgá kan lẹ ń mu lójúmọ́, ẹ fẹ́ jáwọ́, ìyàwó yín ń sọ pé ẹ ò lè ṣe é, àwọn tí ẹ jọ ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ náà ń mu ún, ẹ wá ń béèrè pé ọ̀dọ̀ ta ni kí ẹ gbà lọ. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rí lára, mo sì fẹ́ kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ má tíì mú ọjọ́ kankan. Ẹni tó máa dúró tì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú 100 ìgbà tí èèyàn bá gbìyànjú láti jáwọ́ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, bí ìgbà 4 péré ló ń bọ́ sí i. Àwọn tó kù kì í ṣe ọ̀lẹ. Nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, ti mọ́ wọn lára, bí ara kò bá sì rí i, inú á máa bí wọn, oorun á dá, ọkàn ò ní balẹ̀, ọwọ́ á máa wá ohun tó máa dì mú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kìíní tó ṣú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní "Ẹ ṣọkàn akin, Ọlọ́run á ṣe é" ṣe dáadáa, àdúrà kò pọ̀ jù. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Berger, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, tí ẹni tó jókòó níwájú yín sì ṣáná sí tiẹ̀, ẹni tó máa gbé fóònù lẹ nílò.

Ẹni méjì ni kí ẹ wá, ọ̀kan lórí fóònù, ọ̀kan nítòsí. Ẹni orí fóònù tó dára jù ni ẹni tó ti mu ún rí, tó sì ti fi í sílẹ̀ ju ọdún kan lọ. Kò ní yà á lẹ́nu bí ẹ bá ń bínú, kò sì ní bá yín jà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó wà ní Àbújá, ẹbí wa wà ní Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Òṣogbo, torí náà kò burú bí ó bá jìnnà, kó ṣáà ti máa gbé ìpè. Ẹ má mú ẹni tí ẹ ń bẹ̀rù, bí ọ̀gá yín tàbí àgbà kan nínú ìjọ, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣìṣe, ẹ ò ní lè pè é. Ẹni tí ẹ jọ ń jáwọ́ lọ́sẹ̀ kan náà kò gbọ́dọ̀ dá jẹ́ alátìlẹyìn yín, torí bí ọ̀kan bá ṣubú, á fa èkejì. Ẹni tó wà nítòsí lè jẹ́ ará ilé kan náà tàbí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tí kì í mu sìgá. Iṣẹ́ tiẹ̀ kò ju pé kó bá yín jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ jọ rìn yí ilé iṣẹ́ ká dípò kí ẹ lọ dúró lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀ níbi tí àwọn amusìgá ń pàdé.

Ẹ sọ iṣẹ́ ẹni orí fóònù fún un kó yé e dáadáa. Ẹ lè kọ ọ́ sí WhatsApp báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa jáwọ́ nínú sìgá. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ máa pè mí láago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán àti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá pè yín lójijì, ẹ má bi mí nípa sìgá, ẹ ṣáà bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó títí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí oṣù mẹ́ta.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí sìgá bá ń pòùngbẹ yín, òùngbẹ náà kì í sábàá ju ìṣẹ́jú 3 sí 5 lọ kó tó rọ̀, yálà ẹ mu ún tàbí ẹ ò mu ún. Torí náà, kí ẹni tó gbé ìpè má ṣe wàásù. Ohun tí ìdáhùn rẹ̀ gùn ni kó máa bi yín: báwo ni bọ́ọ̀lù àná ṣe lọ, eélòó ni wọ́n ń ta tòmátì ní ọjà Kubwa báyìí, ibo ni ilé tí ẹ ń kọ́ dé. Kí ẹ dìde níbi tí ẹ jókòó sí, kí ike omi tútù wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ àti ẹnu ló ń wá iṣẹ́. Bí ẹ bá ti rí i pé èémí yín ti balẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ pa fóònù.

Ní ti ìyàwó yín, ibí yìí ni ilé ti máa ń dàrú, torí náà mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má fi í ṣe ọlọ́pàá. Bí aya bá ń gbóòórùn ẹnu ọkọ, tó ń tú àpò ṣòkòtò, tó ń ka ẹyọ inú páálí, ohun kan ṣoṣo ló máa tìdí rẹ̀ yọ: ọkọ á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pamọ́. Ẹni tó bá sì ti ń mu sìgá ní kọ̀rọ̀ ti gé ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi í ṣe alájọ dípò. Iye tí ẹ fi ń ra páálí kan lójúmọ́, ẹ máa kó o fún un ní alaalẹ́, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, kó máa tọ́jú rẹ̀ bí àjọ, kí ẹ kó o lóṣooṣù. Á máa rí i fúnra rẹ̀ pé ẹ ń ṣe é, kò sì ní í gbóòórùn ẹnikẹ́ni kó tó mọ̀. Ẹ sọ fún òun àtàwọn ọmọ ṣáájú pé bí ọ̀sẹ̀ méjì, inú lè máa tètè bí yín, pé kì í ṣe àwọn lẹ bínú sí. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé ọ̀rọ̀ owó ilé àti owó ilé ìwé á dúró di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹlòmíì tó lè ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ ò rò ni àbókì tó ń ta sìgá nítòsí ilé. Òfin ìṣàkóso tábà ti ọdún 2015 kà á léèwọ̀ láti ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, páálí kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ẹyọ 20, àmọ́ ẹ mọ bó ṣe rí ní Nyanya àti Mararaba. Ẹyọ kan yẹn ló ń pa ìpinnu, torí owó rẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ bá a lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ fún un ní èdè rẹ̀: "Don Allah, kada ka sayar mini da taba." Ọ̀pọ̀ wọn máa ń mú un ní pàtàkì, àwọn míì á tiẹ̀ máa ṣàdúrà fún yín. Ní ti inú ọkọ̀ èrò, òfin kan náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni mu sìgá níbẹ̀, ẹ lè bẹ awakọ̀ pé kó bá yín sọ ọ́ kó má bàa di ìjà. Bí kò bá gbọ́, ẹ yí ọkọ̀ padà fún oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti oògùn. Ẹni tó ń mu páálí kan lójúmọ́ kò yẹ kó máa fi agbára lásán ṣe é. Ṣíngọ́ọ̀mù nikotíìnì wà ní 2mg àti 4mg. Bí ẹ bá máa ń mu ẹyọ àkọ́kọ́ kí ìṣẹ́jú 30 tó pé tí ẹ jí, 4mg ni tiyín. Ọ̀pọ̀ ló ń jẹ ẹ́ bíi ṣíngọ́ọ̀mù ọmọdé, òsúkè á mú wọn, àyà á máa ta wọ́n, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ rún un díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu á fi máa ta bí ata, kí ẹ wá fi há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì títí títa náà á fi lọ, kí ẹ tún rún un. Ẹyọ kan tó bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ jẹ ọ̀kan ní wákàtí kan sí méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ má ju 24 lọ lójúmọ́. Kí ìṣẹ́jú 15 kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá mu zobo, kọfí, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi ọsàn kí ẹ tó fi sẹ́nu, torí ohun kíkan kì í jẹ́ kí nikotíìnì náà wọ ara láti ẹnu.

Patch, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, 21mg ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, kó wá di 14mg fún ọ̀sẹ̀ 2, kó di 7mg fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òkè, àyà tàbí ẹ̀yìn, níbi tí irun ò sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu ara gbẹ, kí ẹ sì yí ibẹ̀ padà lójoojúmọ́. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin ní Àbújá, òógùn máa ń ṣí i, torí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ara bá ti tutù, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń jáde ní balùwẹ̀. Bí àlá burúkú bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó sùn. Patch tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ṣíngọ́ọ̀mù fún àsìkò òùngbẹ sàn ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtajà oògùn ló ní wọn, torí náà ẹ béèrè káàkiri Wuse àti Garki ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Bí àrùn ọkàn bá ń bá yín jà, ẹ rí dókítà kí ẹ tó lò ó. Ẹ lè lọ bá dókítà ní National Hospital tàbí ilé ìwòsàn ńlá Gwagwalada, kí ẹ sọ iye ẹyọ tí ẹ ń mu àti bí ẹ ṣe ń tètè mu ti àárọ̀ tó. Oògùn oníhóró náà wà, dókítà nìkan ló lè kọ ọ́ fún yín.

Ẹ sọ fún alátìlẹyìn yín pé kó má máa ní "Nikotíìnì náà lẹ ṣì ń lò, ẹ ò tíì jáwọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn já oògùn jù lọ́sẹ̀ kejì, tí wọ́n sì padà sídìí sìgá. Ohun tó ń fa jẹjẹrẹ wà nínú èéfín tábà tó ń jó, ìyẹn sì ni ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ràn yín níbi iṣẹ́ á máa fún yín ní gworo, ìyẹn obì, pé kí ẹ fi pa òùngbẹ sìgá. Ẹ gbà á, àmọ́ ẹ dín in kù. Èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ kafíìnì inú obì, tíì àti kọfí túká. Bí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, kafíìnì á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, obì àti tíì mai shayi tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà á wá máa mú ọwọ́ gbọ̀n, á lé oorun lọ, ẹ ó sì rò pé sìgá ni. Ẹ fi ìdajì sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Patch ò lè dí èyí, torí èéfín ló ń ṣe é. Ìdí kan náà ni kí ẹni tó ń lo oògùn warfarin, theophylline tàbí olanzapine fi sọ fún dókítà rẹ̀ ṣáájú, kó lè tún ìwọ̀n rẹ̀ wò.

Ikọ́ lè pọ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pàápàá lásìkò ọyẹ́, torí ẹ̀dọ̀fóró ti ń rí ọ̀nà ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Àwọn kan á ní sìgá ló ń dá a dúró tẹ́lẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́. Àmọ́ bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, tí ẹ ń gbẹ, tí òógùn ń bò yín lóru, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ṣíṣà, tábà tí wọ́n ń fa láti inú ìkòkò omi, kì í ṣe ìsinmi kúrò nínú sìgá. Ìjókòó wákàtí kan nídìí rẹ̀ lè tó ìfà 200, nígbà tí ẹyọ sìgá kan kò ju bí 20 lọ. Ọtí náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan. Fún ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì, ara ti ń fi wákàtí bí 13 gbé láìsí sìgá, àǹfààní ńlá nìyẹn, àmọ́ ìgbà ìṣínu ni ewu. Kí alátìlẹyìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti orí dàbínù àti omi títí ẹ ó fi dé mọ́ṣáláṣí fún àsámù.

Bí ẹ bá ṣèèṣì fa ẹyọ kan, ẹ pe ẹni orí fóònù yín kí wákàtí náà tó pé, kí ẹ sọ ìyókù sínú omi. Kí òun má bi yín pé "Kí ló dé?" Kó bi yín pé: "Ibo lẹ wà? Ta ló wà níbẹ̀? Kí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tàbí mu?" Ìdáhùn mẹ́ta yẹn ló máa sọ ohun tí ẹ máa yí padà lọ́la. Ẹ má yọ patch, ẹ má ní ó di oṣù tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ alátìlẹyìn máa ń ti tú ká, ìgbà yẹn gan-an ni ìrìnàjò oṣù Disẹ́ḿbà tàbí iléyá á dé. Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Jabi, àwọn èrò á sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja láti jẹun, àwọn kan á sì ṣáná. Ẹ sọ aago tí ẹ máa gbéra fún ẹni orí fóònù yín, kó mọ ìgbà tí ẹ máa débẹ̀, kí ẹ sì pè é bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn.