Èsì: Ìrìn àjò sí etíkun Àgbádárìgì lásìkò òjò

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín lè wá wo etíkun Àgbádárìgì ní oṣù Keje, nígbà tí ojú ọjọ́ kì í dúró sójú kan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àárọ̀ ni kí ẹ sọdá ọ̀sà, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru omi sókè. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé yín dé Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà náà. Ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rin ọ̀nà oníyanrìn tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà nígbà náà lọ́hùn-ún, títí ẹ ó fi yọ sí òkun Àtìláńtíìkì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú yín. Ibi ìsádi ṣọ̀wọ́n lójú ọ̀nà yẹn, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú, ẹ má ṣe wọkọ̀, kódà bí atukọ̀ bá ní kò séwu. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun náà, nítorí ìgbì rẹ̀ le. Bí òjò bá dá yín dúró sí ìlú, ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n parí ní 1845. Bí ẹ bá lè sún un di oṣù Kẹjọ, èmi yóò fara mọ́ ọn jù, torí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà.