Ojúlówó àwòrán àbí ẹ̀dà? Ẹ kọ́kọ́ de kánópì yín mọ́lẹ̀ ná

Ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ gbé ojúlówó àwòrán ọ̀dà olómi (watercolour) yín, ti àwọn ọdẹ àti apẹja, lọ sí ibi ìpàtẹ ìta gbangba yẹn, àbí kí ẹ kó ẹ̀dà títẹ̀ nìkan lọ. Mo máa dáhùn, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kánópì, torí ibẹ̀ ni èmi ti rí màbo.

Ìpàtẹ tí mo lọ dùn ún wò. Àwọn agbẹ́gi ń gbẹ́ pẹ́pẹ́yẹ onígi, àwọn kan ń fi òwú so ìwọ̀ ẹja, àwọn ọlọ́fà wà níbẹ̀, ajá ọdẹ ń bẹ́ sómi lọ gbé igi wá. Àwọn ọmọdé ò fẹ́ lọ sílé. Mo fẹ́ràn irú àjọ bẹ́ẹ̀ gan-an, ohun tó ṣe dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá tó ń pín ààyè ní a ò gbọdọ̀ ri èèkàn mọ́lẹ̀ torí páìpù omi wà nísàlẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wá ni ká fi dè é? Kò sọ, ó ti kọjá sí ìsọ̀ míì. Ẹni tó yá mi ní kánópì, tó pe ara rẹ̀ ní àgbà nídìí iṣẹ́ náà, ní irin ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ti wúwo tó. Mo gbà á gbọ́. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ni mo gbé lé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ojú ọjọ́ ṣú. Kì í ṣe ìjì ńlá o. Mo sáré ta aṣọ ẹ̀gbẹ́ kánópì sílẹ̀ kí òjò má baà fọ́n wọlé, àṣìṣe mi nìyẹn, torí aṣọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ bá ta nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́, ìgbòkun ọkọ̀ ló dà. Afẹ́fẹ́ ki orí bọ abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì kúrò nílẹ̀. Mo di ọ̀kan mú, ó fẹ́ gbé èmi náà. Ló bá dojú dé lé gbogbo ohun tí mo pàtẹ.

Àwòrán bàbá apẹja kan tó ń ju àwọ̀n ni mo gbé kọ́ sí àárín. Oṣù mẹ́ta ni mo fi yà á. Fọ́nrán àwọ̀n yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fà á. Gíláàsì rẹ̀ fọ́, òjò wọ inú bébà. Kí n tó gbé e dìde, àwọ̀ odò ti ṣàn gba ọwọ́ bàbá náà kọjá, ó dúró sí ìsàlẹ̀ férémù bí omi aró. Ọwọ́ ti lọ. Àwọ̀n nìkan ló kù lójú òfuurufú, kò sẹ́ni tó jù ú.

Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì àwọn tó ṣètò ìpàtẹ náà, fọ́ọ̀mù tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n nà sí mi: ohunkóhun tó bá bàjẹ́, ọrùn onísọ̀ ni. Ẹ ka fọ́ọ̀mù yẹn dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Kí ẹ sì bi wọ́n, lórí ìwé, ohun tí wọ́n gbà kí ẹ fi de kánópì.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 20 tó kún fómi jẹ́ kílò 20, torí lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ gbé ọ̀kan sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹ má kàn gbé e lé ẹsẹ̀ bí èmi ṣe ṣe: igun òkè férémù kánópì ni kí okùn ti wá, kí ó le dan-in dan-in. Bí omi òjò bá ń dárogún sórí aṣọ, ẹ máa tì í dànù látìsàlẹ̀. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ lórí mítà kan níbùú lóròó ti wọn kílò 10. Bí atẹ́gùn bá le, ẹ ká aṣọ ẹ̀gbẹ́ sókè, ẹ kó àwòrán sínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí oníbàárà máa lọ.

Nǹkan míì: bí ẹ bá ń lẹ ìyẹ́ ẹyẹ gidi mọ́ iṣẹ́ yín, ẹ ṣọ́ra. Òótọ́ ni pé àṣà àtijọ́ ni. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìtànjẹ, èyí tí ọdẹ fi ń tan ẹyẹ wá, tí wọ́n rí nínú ihò Lovelock ní Nevada, Amẹ́ríkà, ní 1924, koríko odò àti ìyẹ́ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọ́n sì ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà ti 1918 lórí àwọn ẹyẹ aṣíkiri ka ìyẹ́ tí ẹ ṣà nílẹ̀ pàápàá mọ́ èèwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni CITES, àdéhùn àgbáyé ti 1973 lórí òwò àwọn ẹranko àti ewéko tó lè pa run, ń ṣọ́ ohun tó ń kọjá ẹnubodè. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà.

Férémù àti bí ẹ ṣe máa gbé wọn kọ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Kìkì pé kí ẹ má fi ike acrylic bo àwòrán tí ẹ fi èédú yà, torí ó máa ń fa ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò lára bébà.

Ó yá, ìbéèrè yín gan-an. Ẹ̀dà ni kí ẹ pàtẹ, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń mú kí ọ̀dà olómi ṣá. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń gbà kí ó kan ọ̀dà olómi kì í sábà ju lux 50 lọ (lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), oòrùn ọ̀sán gangan sì tó nǹkan bí 100,000. Ehoro tí Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, yà ní 1502, tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Albertina ní Vienna, ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé síta. Tí ẹ bá lo pupa alizarin crimson, ẹ má tilẹ̀ jiyàn, ó máa ń tètè ṣá. Ẹ mú ojúlówó kan péré dání, kí ó wà nínú àpótí, kí ẹ máa ṣí i fún ẹni tó bá fẹ́ rà á lóòótọ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára èyí tó kù pé ẹ̀dà ni.

Bí wọ́n bá ti pín ààyè fún yín, ẹ padà wá sọ fún wa bóyá igi tàbí ògiri kan wà níbẹ̀ tó lè gba atẹ́gùn dúró. Mo máa dáhùn.