Ṣé máàkì SAT nìkan la fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin máa parí háískúùlù lọ́dún tó ń bọ̀ níbí ní Amẹ́ríkà, ó gba 520 nínú kíkà àti 500 nínú ìṣirò nígbà tó ṣe SAT, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tíṣà ẹ̀ wá ní kò tíì rẹ́dì. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, Màmá. Àwọn College Board tó ni SAT fi ààlà sí 480 fún kíkà àti kíkọ, 530 fún ìṣirò, pé ẹni tó bá débẹ̀, bíi 75 nínú 100 wọn máa gba máàkì C ó kéré tán nínú kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jẹ mọ́ ọn ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́. Ìṣirò nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Kó má fi ìṣirò sílẹ̀ lọ́dún tó kẹ́yìn o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàgbé gbogbo ẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì wà lórí ìkànnì Khan Academy.

Àmọ́ ká sòótọ́, máàkì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé ó ń jí fúnra ẹ̀? Ṣé ó lè ka ojú ewé 30 kó sọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣé ó lè lọ bá tíṣà pé ibí yìí ò yé mi? Mo ti rí ọmọ tórí ẹ̀ pé gan-an àmọ́ tó jẹ́ màmá ẹ̀ ló ń rán an létí gbogbo ásáínmẹ́ǹtì, ìgbà tó wá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ò sẹ́ni tó ń pariwo mọ́, ó dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ dín ìránnilétí kù láti ìsinsìnyí, kó gbàgbé ọ̀kan tàbí méjì nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ yín.